Ìdárayá Ni Ara Yíyá: Ẹ Má Ṣe Ti Àgbà Tí Ẹ̀gbà Kọlù Mọ́lé

Ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun, n kò sì lè gbé e mì. Ó kan àwọn àgbà wa tí àrùn ẹ̀gbà kọlù, tí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wọn sí, tí ara wọn sì ń yá bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó kan ibi tí a ń fi wọ́n sí nígbà tí àwa yòókù bá ń ṣètò àtilọ gbafẹ́ ní àkókò Kérésìmesì, ní ọdún Àjíǹde tàbí nígbà ìsinmi àwọn ọmọ iléèwé. Ilé ni a ń fi wọ́n sí. A ó fi ọmọ ọ̀dọ̀ kan tì wọ́n, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó kó sínú bọ́ọ̀sì, a ó sì lọ. Èmi ní kò dára. Mo tún ní ẹni tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń sọ pé ìfẹ́ ni òun fi ṣe é, kò gbọ́ èdè Yorùbá yé.

Kí a tó máa bá ìjà lọ, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ wò, nítorí ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ wa níbí. Ẹ̀gbà ni orúkọ tí àwọn baba wa fún àrùn tí í sọ apá àti ẹsẹ̀ di aláìlágbára. Ẹni tí ó mú ni ẹlẹ́gbà, bí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ti kọ ọ́. Lóde òní, rọpárọsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é, ṣùgbọ́n orúkọ yìí kan náà ni àwọn mìíràn fi ń pe àrùn tí ń rọ ọmọdé lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀gbà ni èmi yóò máa lò.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ìdárayá. Ẹ tú u wò: dá, ara, yá. Ohun tí ó bá mú ara yá ni ìdárayá. Bí aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ sí dìde jókòó, tí ó ń jẹun, kí ni a ń sọ? A ní ara rẹ̀ ti ń yá. Bí inú ènìyàn bá dùn, tí ó ń rẹ́rìn-ín, tí ó fẹ́ jó, kí ni a ń sọ? A ní ara rẹ̀ yá gágá. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbádùn: ẹni tí ó wà lóde àríyá ń gbádùn, ẹni tí ó bọ́ lọ́wọ́ ibà, a ní ara rẹ̀ ti gbádùn. Yorùbá kò kọ́ ògiri sáàárín ìwòsàn àti fàájì. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni ó ru méjèèjì. Àwọn oníṣègùn tí ń na apá àti ẹsẹ̀ ẹlẹ́gbà ní ọsibítù, tí òyìnbó ń pè ní physiotherapist, kí ni wọ́n ń sọ fún un pé kí ó máa ṣe nílé? Eré ìdárayá! Eré ni, ìdárayá sì ni. Ta ni ó wá kọ́ wa pé eré tọ́ sí ọmọdé nìkan, pé ibùsùn ni ó tọ́ sí àgbà tí ara rẹ̀ ń yá?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀gbà jẹ́, nítorí àìmọ̀ ni ó bí púpọ̀ nínú ìwà tí mò ń bá jà. Ọpọlọ kò lè wà láìsí ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì nínú iṣan kan tí ó lọ sí ọpọlọ, tàbí tí iṣan náà bẹ́, apá ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ nínú ọpọlọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí kú. Apá òsì ọpọlọ ni ó ń darí apá ọ̀tún ara. Níbẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ sísọ fìdí kalẹ̀ sí lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìdí nìyí tí ẹni tí apá ọ̀tún rẹ̀ rọ fi sábà máa ń pàdánù ọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọpọlọ ń kọ́ ẹ̀kọ́. Apá tí kò kú lè kọ́ iṣẹ́ lára èyí tí ó kú, bí a bá ń lò ó lemọ́lemọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tí kò bá rí ohun tuntun wò, tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, tí kò sì rí ìdí tí yóò fi gbé ẹsẹ̀, kí ni ọpọlọ rẹ̀ yóò fi kọ́ ẹ̀kọ́?

Àwọn kan yóò ní ọ̀tá ni ó ta á lọ́fà, pé kí a fi í pamọ́ kí ayé má baà rí i. Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ wa tí ó kàwé rí. Ní 2018, ìwé ìmọ̀ ìṣègùn tí ń jẹ́ The Lancet Global Health gbé ìwádìí kan jáde, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú nínú àwọn tí ó kọ ọ́. Wọ́n fi ènìyàn 2,118 tí ẹ̀gbà kọlù ní Nàìjíríà àti Gánà wé iye kan náà tí kò kọlù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó síwájú gbogbo ohun tí ń fà á. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ wà nínú èyí tí ó lé ní 90 nínú 100. Ìtọ̀ ṣúgà wà níbẹ̀, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, bíbu iyọ̀ sí oúnjẹ lórí tábìlì wà níbẹ̀, àìjẹ ẹ̀fọ́ wà níbẹ̀, ìdààmú ọkàn wà níbẹ̀, àti jíjókòó sójú kan láìṣe ìdárayá! Ẹ rí i bí? Ohun tí ó wà lára ohun tí ó fa àìsàn ni a tún ń fún aláìsàn ní ìwọ̀n ńlá nígbà tí a bá tì í mọ́ yàrá. A mú un kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, a sọ ọ́ di ẹni tí ń ka igi àjà, a wá ń bi ara wa pé kí ló dé tí ara rẹ̀ kò yá.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí ọ̀rọ̀ náà wà nínú ẹbí tèmi. Ìyá àgbà kan wà fún wa ní Òkìtìpupa ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ìlú tí orúkọ rẹ̀ ti sọ irú ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Epo pupa àti gàrí ni Ìyá tà tí ó fi rán àwọn ọmọ níwèé. Ẹ̀gbà kọlù ú, ó mú un ní apá ọ̀tún, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀pá rìn láti ibùsùn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ń padà bọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Nígbà tí ìparí ọdún ń bọ̀, àwọn ọmọ tí ó wà ní Èkó àti lẹ́yìn odi bẹ̀rẹ̀ sí ṣètò lórí fóònù. Wọ́n fẹ́ háyà bọ́ọ̀sì, kí wọ́n kó gbogbo ọmọ-ọmọ lọ sí ọgbà ìṣeré kan ní Èkó, kí wọ́n lè gun kẹ̀kẹ́ ńlá tí ń gbéni yípo lókè, kí wọ́n sùn síbẹ̀ ní òru méjì. Wọ́n ka orúkọ awakọ̀, wọ́n ka orúkọ ẹni tí yóò se oúnjẹ, wọ́n ka iye ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Wọn kò ka orúkọ Ìyá.

Mo bèèrè pé, "Ìyá ńkọ́?" Wọ́n ní Ìyá yóò sinmi nílé. Mo ní, "Ta ni ó bi í?" Gbogbo wọn dákẹ́. Ẹ̀yin ará, nínú gbogbo ètò yẹn, kò sí ẹni tí ó bi ìyá tí ó bí wọn léèrè ohun tí ó fẹ́! Nígbà tí a wá bi í, ó jà fún ọ̀rọ̀ náà títí ó fi jáde: "Omi." Ọmọ kan sáré lọ bu omi wá nínú ife. Ìyá mi orí. Ó fi ọwọ́ òsì na ìhà gúúsù, ó tún ní, "Omi." Ìgbà náà ni ó yé wa. Igbókòdá ni ó ń sọ, etí omi ilẹ̀ Ìlàjẹ tí kò jìnnà sí wa, níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ti ń já ẹja sọ́jà. Níbẹ̀ ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti máa ń ra ẹja nígbà tí ẹsẹ̀ wà lẹ́sẹ̀. Ẹni tí a ní kò lè lọ sí ibì kan ti ní ibi tí ó fẹ́ lọ lọ́kàn.

Títí di ìgbà tí mò ń kọ èyí, ẹbí kò tíì fẹnu kò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n dá àwọn tí ń bá mi jiyàn lóhùn lójú gbogbo ayé, nítorí mo mọ̀ pé irú wọn wà nínú ẹbí tiyín náà.

Àwọn kìíní ní, "Bí ó bá kú sọ́nà ńkọ́?" Ilé kì í ṣe odi tí ikú kò lè fò. Ohun tí a mọ̀ dájú ni pé bí ẹnì kan nínú mẹ́ta lára àwọn tí ẹ̀gbà kọlù ni ìbànújẹ́ ọkàn tí ó le máa ń bò mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ìbànújẹ́ bò kì í fẹ́ jẹun, kì í fẹ́ lo oògùn, kì í fẹ́ ṣe ìdárayá tí dókítà kọ fún un. Ẹ̀ ń bẹ̀rù ikú ojú ọ̀nà, ẹ kò bẹ̀rù ikú tí ń yọ́ wọlé ní yàrá ẹ̀yìn nígbà tí ariwo ọmọ bá lọ tán.

Àwọn kejì ní, "Ojú yóò tì í, ẹnu rẹ̀ ti wọ́." Ojú ta ni ó ń tì? Èmi kò rí ìyá kan tí ojú ń tì láti wà láàárín ọmọ rẹ̀. Àwa ni ojú ń tì, a sì ń fi ìtìjú wa wọ̀ ọ́ bí aṣọ. Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, ẹni ọdún 45 ni nígbà tí ẹ̀gbà mú un ní apá òsì ní 1868. Ní 1885 ni ó gba ọmọkùnrin tí ajá dìgbòlugi bù jẹ là pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí ó ṣe. Tomas Tranströmer, akéwì ilẹ̀ Sweden, ní tirẹ̀, ẹ̀gbà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ní 1990. Ó ń fi ọwọ́ òsì tẹ dùùrù, ó ń tẹ ìwé ewì jáde, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2011. Bí ẹbí wọn bá ti tì wọ́n mọ́lé nítorí ìtìjú, ta ni ì bá gbọ́ orúkọ wọn mọ́?

Àwọn kẹta ní owó kò tó. Owó bọ́ọ̀sì wà, owó ọtí wà, owó aṣọ ẹgbẹ́ wà, ṣùgbọ́n owó àga tí àgbà yóò jókòó sí kò sí! Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ìyá tí ó ta epo rán ọ níwèé kò ní kí o kọ́ ilé aláruru fún òun. Ààyè ìjókòó kan nínú bọ́ọ̀sì ni.

Ọ̀rọ̀ àga yìí rán mi létí ohun kan tí ó yẹ kí àwa olólùfẹ́ èdè gbé yẹ̀ wò. "Kẹ̀kẹ́ arọ" ni a ń pe àga tí a fi ń ti aláìlera kiri. Ẹ wo orúkọ! Àgbà tí ó ń tiraka láti fi ọ̀pá rìn, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ arọ sí iwájú rẹ̀, ó kọ̀ láti jókòó sí i, ẹ ní olóríkunkun ni. Kì í ṣe orí kunkun. Ó gbọ́ ohun tí ẹ sọ ni. Ẹ̀ ń sọ fún un pé arọ ni, nígbà tí òun mọ̀ pé ara òun ń yá. Àga onítáyà ni kí a máa pè é. Ìrìn jíjìn ni ó wà fún, kí ẹsẹ̀ má baà rẹ àgbà kí ó tó dé ibi tí ó ti fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ẹ pè é ní orúkọ tí ó dára, ẹ ó rí i pé yóò jókòó sí i.

Kì í ṣe ẹbí nìkan ni mo ní ẹjọ́ rò pẹ̀lú. Mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú àwọn tí ń kọ́ ibi ìgbafẹ́ wa. Bí ará Ìkálẹ̀ bá fẹ́ kó ẹbí jáde, níbo ni yóò lọ? Òkè Ìdànrè ni ògo ìpínlẹ̀ Oǹdó, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn tí a óò gùn kí a tó dé ìlú àtijọ́ lórí òkè lé ní 600. Afárá orí igi tí ó wà ní Lekki ní Èkó gùn ní mítà 401. Ọ̀dọ́ gan-an ń di okùn rẹ̀ mú gírígírí. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn gòkè sí Òkè Olúmọ ní 2006, kí arúgbó náà lè rí ohun tí ọ̀dọ́ rí. Mo yìn wọ́n fún èrò náà, nítorí ó fi hàn pé kò sí òkè tí a kò lè ro ti àgbà mọ́. Ṣùgbọ́n iná ni ẹ̀rọ ń jẹ, ẹ bèèrè bí ó bá ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó kúrò nílé. Mo ti dé ọgbà ìgbafẹ́ kan ní ọ̀kan nínú àwọn ìlú ńlá wa, tí n kò ní dárúkọ, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ wà lókè àtẹ̀gùn mọ́kànlá tí kò sí ohun ìdìmú kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ya àwòrán ẹranko sára ògiri fún àwọn ọmọdé. Wọn kò rántí pé àwọn ọmọdé ní ìyá àgbà.

Ẹ má sì rò pé àánú ni mò ń tọrọ. Òfin wà. Ní oṣù kìíní 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó ka yíyọ àwọn tí ó ní ìpèníjà ara sẹ́yìn léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Òfin náà fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún 5 kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àga onítáyà lè gbà, kí wọ́n sì tún ibi tí kò ṣeé wọ̀ ṣe. Ọdún 5 náà pé ní oṣù kìíní 2024. Ẹ jáde síta kí ẹ wò ó fúnra yín: ibi mélòó ni ẹ mọ̀ tí ó ti ṣe é? Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò ju sìmẹ́ǹtì àti yẹ̀pẹ̀ lọ. Ìrònú nípa àgbà ni ó wọ́n.

Àwọn tí ó wà ní Amẹ́ríkà yóò máa rẹ́rìn-ín pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwọn, pé òfin 1990 ti yanjú rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Òótọ́ ni pé ní Walt Disney World ní Florida, ẹ lè yá àga onítáyà, àwọn eré mìíràn sì wà tí àgbà lè wà lórí àga rẹ̀ tí yóò fi wọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀. Ní 2024, wọ́n dín àwọn tí a ń fún ní ìwé àṣẹ pàtàkì, kí wọ́n má baà dúró lórí ìlà gígùn, kù. Àwọn tí ọpọlọ wọn dàgbà lọ́nà ọ̀tọ̀ láti kékeré, bí àwọn tí ó ní autism, ni wọ́n ní ó wà fún. Ẹni tí ó bá rò pé ẹ̀gbà ìyá òun yóò gba ìwé náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lè bá ìlà pàdé nínú oòrùn Florida. Ẹ bèèrè kí ẹ tó san owó. Ẹ sì ra ìwé ìdójútòfò ìrìn-àjò tí ó mọ̀ pé ẹ̀gbà ti kọlù ú rí, nítorí owó ọsibítù Amẹ́ríkà lè jẹ ilé àti oko. Ọkọ̀ òfurufú pàápàá, ẹni tí ẹ̀gbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ láìgba àṣẹ dókítà.

Ẹni tí ń jà gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó fẹ́ kí a ṣe. Ohun tí èmi fẹ́ nìyí.

Èkíní, ẹ bi àgbà léèrè. Ẹ bi í kí ẹ tó yan ibi tí ẹ ń lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣòro fún un, ẹ fún un ní àkókò, ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí ó nawọ́, kí ó mi orí, kí ó fi àwòrán hàn yín. Ẹ sì fi èdè tí a fi tọ́ ọ dàgbà bá a sọ̀rọ̀. Bí Ìkálẹ̀ ni, ẹ sọ Ìkálẹ̀, ẹ má gbé Yorùbá ìwé tàbí òyìnbó kò ó lójú bí olùkọ́ tí ń ṣe ìdánwò.

Èkejì, ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó lọ. Kí ó wo ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó sì sọ bí ara bá gba ìrìn-àjò. Ẹ kọ orúkọ oògùn àti àsìkò rẹ̀ sínú ìwé, kí oògùn wà nínú àpò ọwọ́, kì í ṣe nínú ẹrù ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì.

Ẹ̀kẹta, ẹ rán ẹnì kan ṣáájú lọ wo ibẹ̀. Kí ó wo bí ilẹ̀ ṣe tẹ́jú sí, kí ó ka àtẹ̀gùn, kí ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ó wo ibi tí ibòji wà. Ẹ̀yin ará Òkìtìpupa tí ẹ fẹ́ lọ sí Èkó, ẹ rántí pé ẹ ó gba Ọ̀rẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù. Ẹ wo ibi tí ẹ ó ti dúró kí àgbà na ẹsẹ̀ kí ó sì tọ̀. Ẹ jí lọ ní kùtùkùtù, nítorí àárẹ̀ tí ń tẹ̀lé ẹ̀gbà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó lè mú ènìyàn lójijì lẹ́yìn wákàtí kan.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ṣọ́ bí ó ti ń jẹun. Ẹ̀gbà a máa mú ọ̀fun àwọn kan, tó bẹ́ẹ̀ tí omi lásán lè gba ọ̀nà tí kò yẹ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí dókítà bá ti kìlọ̀ fún yín, ẹ tẹ̀lé e. Kí ó jókòó dáadáa kí ó tó jẹun. Púpúrú rírọ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, tí ẹ̀fọ́ sì kún inú rẹ̀, sàn fún un ju ẹran díndín ojú títì lọ.

Ẹ̀karùn-ún, kí ẹni méjì máa gbàṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn láti dúró tì í, kí wọ́n má sì fa apá tí ó rọ nígbà tí wọ́n bá ń gbé e dìde, nítorí èjìká rẹ̀ lè yẹ̀. Kí wọ́n mú un jìnnà sí àwọn ẹ̀rọ eré tí ń sáré gòkè sáré sọ̀kalẹ̀. Kí wọ́n sì mọ àmì ẹ̀gbà tuntun: kí ojú wọ́ lójijì, kí apá já wálẹ̀, kí ọ̀rọ̀ lọ́. Bí wọ́n bá rí èyíkéyìí, ọsibítù ni kíá, nítorí oògùn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì ní àkókò tirẹ̀, láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ sí ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀.

Mo gbà pé àwọn kan wà tí kò gbọdọ̀ lọ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀, ẹni tí dókítà sọ fún pé kò tíì tó àsìkò, àti ẹni tí òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò fẹ́, ẹ má gbé wọn lọ pẹ̀lú ipá. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìdárayá wá bá wọn. Ẹ gbé àga sí ìta gbangba, ẹ pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ẹ ta ayò, ẹ kọrin. Láyé àtijọ́, bí a bá ń ṣe ọdún ní ìlú, iwájú ilé àgbà ni àwọn oníjó máa ń yà sí. Kò sí ẹni tí ó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Òde ni ó ń wá bá àgbà nígbà tí àgbà kò bá lè wá sí òde.

Àwọn tí ó ka ìwé Máàkù mọ ìtàn ẹlẹ́gbà tí ẹni mẹ́rin gbé. Nígbà tí èrò dí ẹnu ọ̀nà, wọn kò ní kí ó padà lọ sinmi nílé. Wọ́n gun orí òrùlé, wọ́n sì dá a lu. Èmi kò ní kí ẹ dá òrùlé ẹnikẹ́ni lu. Mo ní kí ẹ fi àgbà sínú ìṣirò yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ìgbafẹ́ tí ẹni tí ó bí gbogbo wa kò sí níbẹ̀, eré àwọn àlejò ni.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní iléèwé, bí ẹ bá ń kọ àròkọ lórí ìdárayá, ẹ kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní kíkún. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọgbà ìgbafẹ́, ẹ da sìmẹ́ǹtì yín sí ibi tí ó yẹ. Ẹ̀yin ẹbí mi, mo mọ̀ pé ẹ ó ka èyí: bọ́ọ̀sì Igbókòdá ni kí ẹ kọ́kọ́ háyà. Kẹ̀kẹ́ ńlá Èkó kò ní sá lọ, àwọn ọmọ yóò gùn ún lọ́jọ́ mìíràn. Ìyá ti sọ ibi tí ó fẹ́ lọ.

Ara gbogbo àwọn tí ara wọn kò yá yóò yá o. Ó dìgbà.